Ọwọ́ Màámi Lára Bébà Búlúù

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kejì

Mo ti ba nǹkan jẹ́. Bí mo ṣe wọ yàrá Bàbá láàárọ̀ yìí láti bá a ṣí fèrèsé, mo gbójú sókè, mo sì rí i pé àmì ọwọ́ Màámi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lára bébà tó wà lára ògiri. Bébà tó búlúù bí aró láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ti ṣá bí omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ. Ọwọ́ tó máa ń funfun gbòò lára ẹ̀, ìka márààrún ní yíyà sọ́tọ̀, àfi ìgbà tí mo sún mọ́ ọn tímọ́tímọ́ ni mo tó rí mẹ́ta níbẹ̀.

Igi aládùúgbò wa ni. Láti ìgbà tó ti gé e lulẹ̀ lóṣù kọkànlá ni oòrùn ti ń wọlé láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí ọ̀sán fi máa pọ́n, orí bébà yẹn gan-an ló sì ń bà sí. Èmi ni mo kọ́ ọ síbẹ̀ nígbà tí Bàbá kó wá sọ́dọ̀ mi, kó lè máa rí i láti orí ibùsùn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mò ń wọlé tí mò ń jáde, tí mò ń sọ pé, "Bàbá, ẹ wo bí yàrá yín ṣe mọ́lẹ̀ tó."

Èmi tí mo ti ń tún ìwé àtijọ́ àwọn tí mi ò mọ̀ rí ṣe láti ọdún mẹ́tàlélógún. Èmi tí mo máa ń bá gbogbo ọ́fíìsì jà tí wọ́n bá ṣí kọ́tìnì. Wọ́n ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Tèmi yìí ò tiẹ̀ mú.

Bàbá jókòó sétí ibùsùn, ó ń fẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ kiri ilẹ̀.

Ọjọ́rú, 4 oṣù kejì

Mo parọ́ fún un. Mo ní férémù ti ń jẹrà, pé mo fẹ́ gbé e lọ síbi iṣẹ́ lọ tún un ṣe.

Ó ní, "Máa gbé e lọ, Ìyá Bébà. Kí ni mò ń fi í ṣe mọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò bi í ní ìdí. Ẹni tó bá ti parọ́ kì í lè béèrè ọ̀rọ̀ dáadáa.

Mo gbé e lọ bá Ìwọ̀n. Òun ló ń yẹ oògùn ara ìwé wò níbi iṣẹ́ wa, baba ọlọ́mọ mẹ́ta, a sì ń pè é ní Ìwọ̀n nítorí kò sí ohun tí kì í wọ̀n, títí kan ṣúgà inú tíì rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ tó ń ka bí àwọ̀ ṣe pọ̀ tó lé àárín bébà náà: 11. Ó gbé e lé etí rẹ̀ tí igi férémù bò mọ́lẹ̀ látijọ́, níbi tí oòrùn ò dé: 46.

"Àǹtí, ta ló ṣe irú eléyìí?"

"Èmi ni."

Kò bá mi wí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn. Nígbà tó yá, ó ní, "Kò tíì kú o. Ìmọ́lẹ̀ ló sọ àwọ̀ ara ẹ̀ di nǹkan míì, àmọ́ nǹkan ọ̀hún ṣì wà nínú bébà. Tẹ́ ẹ bá gbé e sókùnkùn, afẹ́fẹ́ á máa dá a padà sí búlúù, díẹ̀díẹ̀."

"Ó máa tó ìgbà wo?"

"Ó lè gbà tó oṣù kan. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́ ẹ má ṣáà máa ṣí i wò. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá wò ó, ẹ ń bù nínú ẹ̀ nìyẹn." Ó mọ̀ mí. Òfin rẹ̀ ni pé Ọjọ́rú nìkan la máa máa wọ̀n ọ́n, ìṣẹ́jú kan péré.

Àkọsílẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe fún ìwé ẹlòmíràn: bébà kan, àwòrán táńkì omi, ọwọ́ ọ̀tún obìnrin ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀. Létí ibi tí férémù bò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọwọ́, àmì funfun kékeré onígun mẹ́rin. Bóyá férémù ló bó o. Mo wá àpótí tó dára jù lọ nínú àpótí wa, irú èyí tí a ń kó ìwé àtayébáyé sí, mo gbé e sí i, mo dé e pinpin.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù kejì

Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà lẹ́ẹ̀mẹfà. Mi ò ṣí i.

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù kejì

Ooru. A jẹ búrẹ́dì, a mu tíì, Bàbá sì tún ìtàn náà sọ. Mo lè kà á sórí. Òun ló ń yàwòrán ní ọ́fíìsì àwọn oníṣẹ́ omi, Màámi ló ń tẹ̀ ẹ́. Láràárọ̀ ni Màámi máa ń gbé férémù lọ sórí òrùlé ọ́fíìsì: bébà tí wọ́n ti fi oògùn pa nísàlẹ̀, àwòrán Bàbá lórí rẹ̀, gíláàsì lórí gbogbo rẹ̀, irin ìdè kọ̀ọ̀kan ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú oòrùn, kí wọ́n tó fi omi fọ̀ ọ́. Ibi tí oòrùn bá dé á búlúù, ibi tí nǹkan bá ṣíji bò á funfun.

Lọ́jọ́ náà, Bàbá gun òkè lọ wo iṣẹ́ rẹ̀. Ó bá Màámi tó tẹ ọwọ́ mọ́ igun gíláàsì. Màámi ní irin ìdè ibẹ̀ ló ṣẹ́, pé bí òun ò bá dì í mú, àwòrán á sún. Ni Bàbá bá dúró tì í, ó ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn débi pé Màámi gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fọ bébà tán, ọwọ́ wà lára àwòrán táńkì omi. Ọ̀gá wọn bínú, wọ́n tẹ òmíràn, Bàbá sì mú èyí tó bàjẹ́ lọ sílé. Wọ́n ṣègbéyàwó kí ọdún ó tó yí.

"Ẹnu mi ló ṣe é," ló máa ń fi parí rẹ̀, láti ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Nígbà tí Màámi wà láyé, tó bá ti dé ibẹ̀ yẹn, Màámi á kàn máa kó abọ́ lọ sí kíṣìnì, á ní, "Ẹ jẹ́ ó máa sọ ọ́."

Bàbá máa ń gbọ́wọ́ sókè fi ṣàpẹẹrẹ. Lónìí, kò gbé e. Inú ife tíì ló ń wò títí ó fi sọ ọ́ tán.

Ọjọ́rú, 11 oṣù kejì

11. Kò kúrò lójú kan. Oògùn ojú Bàbá ti tún gbówó lórí.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kejì

A lọ rí dókítà ojú. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ ò wúwo lójú èèyàn. Ó ní òsì ò ṣe é tún ṣe mọ́, àmọ́ awọ funfun lásán ló bo ẹyinjú ọ̀tún, pé bí òun bá ká a kúrò, Bàbá á ríran, nítorí ẹ̀yìn ojú náà yè dáadáa. Ṣùgbọ́n kó tètè gbà, torí òun ń fi ilé ìwòsàn náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀, wọn ò sì tíì rí ẹni tó máa rọ́pò òun.

Bàbá ní, "Ẹ ṣé o, dókítà. Mi ò ṣe."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Ẹ̀yìn ẹ̀ ti kú. Mo mọ̀."

"Ẹ̀rọ mi ní ó yè."

"Ẹ̀rọ yín ò bá mi gbélé."

Bá a ṣe ń bọ̀ wálé, ó di ìgúnpá mi mú títí a fi dé ẹnu ọ̀nà. Mi ò mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Bàbá mi kì í ṣe ojo.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù kejì

Ìwọ̀n wá yá rúlà lọ́dọ̀ mi, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára àpótí náà.

"Àǹtí, ṣé inú ibí yìí lẹ gbé bébà Màámi sí?"

"Èyí tó dára jù ni."

Ó gbé rúlà sílẹ̀. "Àpótí ẹlẹ́fun mà ni."

Mo jókòó. Ẹfun ni wọ́n ń pò mọ́ páálí àpótí yẹn, kí ásíìdì inú bébà má bàa jẹ ìwé àtijọ́. Gbogbo ìwé ló fẹ́ràn rẹ̀, àfi búlúù yìí. Ẹfun ń pa á. Mo tún wá dé e pinpin, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wò ó sàn ò ráyè wọlé. Ọjọ́ méjìlá. Ẹni tí ò mọ nǹkan kan nínú iṣẹ́ yìí ì bá ti ká a sínú àpò ìwé lásán, ara rẹ̀ ì bá sì ti máa yá. Èmi, mo mọ iṣẹ́ débi pé mo fi ń pa ọwọ́ ìyá mi.

Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ẹkún fi gbà á lọ́wọ́ mi.

Ó ti wà nínú bébà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ò ní ẹfun báyìí, nínú kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀yìn ọ́fíìsì, ihò sì wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Mo fún Ìwọ̀n ní kọ́kọ́rọ́ kí n má bàa máa lọ yọjú.

Ọjọ́rú, 18 oṣù kejì

10. Ó já wálẹ̀. Ìwọ̀n ní ẹfun ló bù ú, kí n má bọkàn jẹ́. Mo bọkàn jẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù kejì

Mo gbé tíì wọlé láàárọ̀, mo bá Bàbá tó dojú kọ ògiri òfìfo níbi tí bébà wà tẹ́lẹ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń ká ìka kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, kí lẹ ń kà?"

"Ìka ìyá ẹ." Ojú tì í díẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí Màámi ti kú, bí òun bá ti jí, kí òun tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, òun máa ń ka ìka márùn-ún yẹn. "Tí mo bá ti kà á pé, mo mọ̀ pé ojú mi ṣì wà nìyẹn. Lóṣù kejìlá ó di mẹ́ta. Nígbà tó yá, ó di ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó o gbé e lọ yẹn, mo jí, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń wo èéfín. Ojú ti lọ, ọmọ mi. Kí ni kí wọ́n wá là á fún?"

Mo dúró gbagidi pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Ó ti ń fi àṣìṣe mi wọn ojú ara rẹ̀. Nítorí mi ló ṣe kọ iṣẹ́ abẹ. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, ó tó ó sọ.

Mo ní, "Ẹ mu tíì yín, ó ń tutù."

Ojo ni mí.

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù kejì

Mi ò lè ṣiṣẹ́. Mo fi lẹ́ẹ̀ sórí ìwé tí kò nílò lẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo délé, oòrùn ò tíì wọ̀, mo jókòó sílẹ̀ níwájú Bàbá, mo sì sọ ọ́.

"Bàbá, kì í ṣe ojú yín. Bébà ni. Oòrùn ló bó o. Èmi ni mo kọ́ ọ sójú oòrùn, mo sì parọ́ fún yín lórí férémù."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ kẹta oṣù yìí."

"O wá ń wò mí níran, mò ń sin ojú ara mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Jáde fún mi ná."

Mo jáde. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté igi aládùúgbò, mo sunkún bí ọmọdé. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú fèrèsé.

"Ìyá Bébà."

"Bàbá."

"Lọ́jọ́ kẹta yẹn, ìwọ tójú ẹ dá ṣáká, ìka mélòó lo rí?"

"Mẹ́ta. Mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kàn án."

Mo wá gbọ́ ọ tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń húkọ́ mọ́ ọn. "Lóṣù kejìlá, mẹ́ta lèmi náà rí. Láti orí ibùsùn. Pẹ̀lú ojú tí wọ́n ní awọ bò." Ó tún rẹ́rìn-ín. "Wọlé, jàre. Pe dókítà yẹn fún mi."

Ọjọ́rú, 25 oṣù kejì

15. Ìwọ̀n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó rú òfin ara rẹ̀. Mo dì mọ́ ọn, ara rẹ̀ le gbagidi bíi ti ọ̀pá ìwọ̀n. Iṣẹ́ abẹ di ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ méjì kí dókítà tó lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù kẹta

Òjò àkọ́kọ́. Eruku lọ sílẹ̀. Mo ra kọ́tìnì tó nípọn sí yàrá Bàbá, ó ní mo ti sọ òun di bébà. Ó máa ń béèrè bébà náà lọ́wọ́ mi bí ẹni tó ń béèrè aláìsàn: "Ara ẹ̀ ńkọ́? Ṣé òjò ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀?"

Ọjọ́rú, 4 oṣù kẹta

27. Ìka márààrún ti yọ. Mo rí òrùka ìlò-abẹ́rẹ́ rẹ̀ lórí ìka àárín, èyí tó máa ń fi ránṣọ. Ìṣẹ́jú kan péré ni, Ìwọ̀n ń ka aago sí mi létí, ṣùgbọ́n mo rí i. Mi ò mọ̀ pé mo ti ń ṣàárò rẹ̀ tó báyìí. Àmì funfun etí rẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀, kò fẹ̀ sí i. Ó kéré tán, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹfun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kẹta

Wọ́n ṣe é. Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ka àkọlé kan náà lára ògiri títí mo fi kórìíra rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé Bàbá wọlé, ó ti sọ ìtàn ọwọ́ náà fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì kan ní, "Bàbá, ẹnu yín yìí, ẹ rọra o, abilékọ ni mí." Inú rẹ̀ dùn títí wọ́n fi gbé e lọ.

Ọjọ́rú, 11 oṣù kẹta

Dókítà ṣí ojú rẹ̀. Ó ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó wá wò mí lọ títí.

"Ìgbà wo lo hu ewú?"

Mo ní, "Oṣù tó kọjá."

Dókítà ń rẹ́rìn-ín, èmi ń sunkún, Bàbá ń wo bọ́tìnnì ẹ̀wù dókítà, ó ń kà wọ́n.

Lọ́sàn-án, 34. Ìwọ̀n ní kò ní padà dé 46 láéláé, díẹ̀ ti bá ẹfun lọ. Ó ní, "Àmọ́ ó tó ó wò." Ó dá kọ́kọ́rọ́ mi padà.

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù kẹta

Mo fa kọ́tìnì, mo tan iná kékeré kan, mo tẹ́ bébà náà sórí tábìlì níwájú Bàbá, láìsí férémù, láìsí gíláàsì. Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Kò kọ́kọ́ sún mọ́ ọn. Ó ka ìka náà láti orí àga rẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó dé márùn-ún. Ó tún un kà.

Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ síwájú. Ó ń fi ojú tuntun yẹn wo ìlà táńkì rẹ̀, ó ń mi orí sí iṣẹ́ ara rẹ̀. Ó wá dúró sójú kan.

"Kí nìyí?"

Àmì onígun mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọwọ́ ni. Mo ní, "Abẹ́ férémù ló wà. Férémù ló bó o, mo rò bẹ́ẹ̀."

"Férémù kẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi yàwòrán, mo mọ òjìji nǹkan tí mo bá rí i." Ó tọ́ka sí igun òkè, létí gan-an: irú àmì bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀. Ó tọ́ka sí ìkẹta, sí ìkẹrin. Mo ti wo bébà yẹn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bí ẹni ń wo aláìsàn, mi ò rí wọn. "Irin ìdè ni. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Kò yé mi. Mo ṣì ń wo ọwọ́ rẹ̀ kó má bàa kan bébà.

"Ó ní èyí tó wà ní igun yìí ṣẹ́," ni Bàbá wí. "Mi ò bẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló ń wo irin nígbà yẹn? Irin ọ̀hún rèé. Ó wà níbẹ̀, ó di gíláàsì mú ṣinṣin. Nǹkan kan ò ṣe é." Ó jókòó padà. "Kò gbàgbé ọwọ́ kankan. Ṣe ló fi í síbẹ̀."

Mo gbọ́ Màámi nínú kíṣìnì, mo gbọ́ abọ́ tó ń kan abọ́. Ẹ jẹ́ ó máa sọ ọ́.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mo fi ń yangàn ẹnu." Omi ń dà lójú rẹ̀, mo wá aṣọ mímọ́ wá fún un, nítorí dókítà ní kó má fi ọwọ́ nù ún. Ó ní, "Obìnrin yìí. Obìnrin yìí mú mi."

Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó rọra gbé e lé ọwọ́ Màámi, ìka lórí ìka, lórí bébà tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ lásán kàn. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń kìlọ̀ ìyẹn fún gbogbo èèyàn. Mo wo aago nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, mo sì jẹ́ kó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.